Nígbà tí Mílíìkì Bá Ṣì Ọ̀nà: Ẹ̀kọ́ Lórí Fífi Rọ́bà Bọ́ Ọmọ Ológbò

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ìdáwó ẹgbẹ́, kò sì jẹ mọ́ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ológbò ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Nínú àwa tí à ń ta ọkà àti ẹ̀wà ní Sábó níhìn-ín ní Sáríà, ta ni kò mọ̀ pé ológbò ni ọlọ́dẹ tí kì í bèèrè owó oṣù? Àpò ẹ̀wà tí eku bá ti jẹ ìdí rẹ̀, èrè ti bá ibẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìyá ológbò bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, ó máa ń dùn wá, àwọn ọmọ wa a sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tọ́ àwọn aláìníyàá náà. Ibẹ̀ ni ewu wà. Kì í ṣe ebi nìkan ní í pa wọ́n. Oúnjẹ tí a fi àánú fún wọn náà ń pa wọ́n.

Èmi fúnra mi pa ọ̀kan. Ìgbà ọyẹ́ ni, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkọ̀ gbá ológbò tó ń ṣọ́ ìsọ̀ mi, ó sì kú. Ó ti bí ọmọ 4 sí ẹ̀yìn àwọn àpò òfìfo, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ojú wọn kò tíì là. Ọmọ kéú mi kan ló rí wọn, ó kó wọn sínú fìlà rẹ̀, ó gbé wọn wá bá mi. Mo ní kí ó kó wọn padà síbi tó ti rí wọn. Ó ní, “Alfa, ẹ̀yin náà lẹ sọ ìtàn obìnrin tó so ológbò mọ́lẹ̀ títí ebi fi pa á fún wa.” Kí ni mo fẹ́ wí? Mo gba fìlà.

Mo po mílíìkì inú agolo, mo fi sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an sí wọn lẹ́nu. Àwọn 3 mu ún. Ìkẹrin, èyí tó kéré jù, kò la ẹnu. Ara rẹ̀ tutù, orí rẹ̀ sì ń já sílẹ̀. Mo rántí pé nígbà tí aládùúgbò wa kan bí ọmọ oṣù 7, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì gbà fún ọmọ náà ní oúnjẹ títí ó fi lágbára. Mo lọ sí ilé ìtajà oògùn, mo ra irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Mo fi ti ẹnu bọ inú ọmọ ológbò yìí. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò wúkọ́, kò jà, kò ké. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ti mílíìkì mílílítà 10 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí mílíìkì fi ń hó jáde ní imú rẹ̀. Kí a tó dìde lórí Ìṣáì, ó ti kú.

Ní ọjọ́ kejì mo kó àwọn 3 tó kù lọ bá dókítà ẹranko kan, obìnrin ni. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ohun mẹ́ta péré ló bi mí: “Málàm, ṣé ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu wò bóyá ó tutù? Ṣé ẹ wọn rọ́bà náà mọ́ ọn lára? Ṣé ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n?” Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mi ò ṣe. Ohun tó wá ṣàlàyé fún mi ni mo fẹ́ kọ́ ẹ̀yin náà lónìí.

Lẹ́yìn ahọ́n, ọ̀nà méjì ló pínyà. Oúnjẹ ń gba ọ̀kan lọ sí àpòlúkù, afẹ́fẹ́ ń gba èkejì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Lára àwa àgbàlagbà, bí ẹ̀kán omi bá ṣì ọ̀nà, ikọ́ á gbé wa, a ó sì wú u jáde. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa nídìí omi ìṣínu nígbà àwẹ̀. Ikọ́ yìí ni ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fi sí ẹnu ọ̀nà èémí. Ṣùgbọ́n ọmọ ológbò tí kò tíì pé nǹkan bí ọjọ́ 10, ẹ̀ṣọ́ náà kò tíì jí nínú rẹ̀. Rọ́bà lè wọ ọ̀nà èémí rẹ̀ tààrà, kó má wúkọ́, kó má ṣe bí ẹni fẹ́ bì. Àìwúkọ́ tí mo torí rẹ̀ dúpẹ́, kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, nítorí pé òun ni ó ń tan èèyàn jẹ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Mílíìkì tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró kò rọrùn láti kó jáde mọ́. Bí ó bá pọ̀, ńṣe ni ọmọ náà á rì bí ẹni tó kó sí odò, bí ti èyí tó kú lọ́wọ́ mi. Bí ó bá kéré, ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ tí ọjọ́ kan tàbí méjì bá kọjá, òtútù àyà á yọjú. Ẹ ó rí i tí ó ń mí sókè sódò bí ẹni tó sáré, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde, tí ó ń la ẹnu láti mí. Èrìgì tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á dà bí eérú tàbí kó ṣe búlúù. Kò ní fẹ́ mu mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí, kò sí àgbo, kò sí omi gbígbóná tí a lè fi ṣe é nílé. Dókítà ló lè gbọ́ àyà rẹ̀, kó ya fọ́tò inú àyà náà, kó sì fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn ni kì í yè é.

Ọ̀rọ̀ tó yà mí lẹ́nu jù ni ti òtútù. Dókítà yìí sọ fún mi pé bí rọ́bà mi bá tilẹ̀ gba ọ̀nà tó tọ́, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà kú síbẹ̀, torí pé mo fún un ní oúnjẹ nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Ọmọ ológbò tuntun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ara ìyá rẹ̀ ni ààrò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ yẹ kó wà láàárín digírì 35 sí 37. Bí ó bá ti wá sísàlẹ̀ 35, àpòlúkù àti ìfun rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mílíìkì tí ẹ bá dà síbẹ̀ kò ní lọ síwájú. Á jókòó, á kan, ikùn á wú, tó bá yá á padà sókè sí ọ̀fun, láti ibẹ̀ á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wá wo òru ọyẹ́ ní ìhà òkè ọya yìí, bí a ti ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bora. Báwo ni ti ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ?

Nítorí náà, ooru ṣáájú oúnjẹ. Ẹ ti orí ìka ọmọdé yín bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí inú ẹnu bá tutù mọ́ yín lọ́wọ́, kò tíì tó àkókò oúnjẹ. Tẹmómítà ló dájú jù, ṣùgbọ́n ìka sàn ju kí a má wò ó rárá. Ẹ gbé e sí àyà yín lábẹ́ aṣọ, tàbí kí ẹ bu omi gbígbóná sí ìgò, kí ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí tí wọ́n wà, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà lófìfo kí wọ́n lè wọ́ kúrò bí ó bá gbóná jù. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó lè gba wákàtí 1, ó lè gba 3. Ẹ má ṣe gbé e sẹ́bàá ìkòkò èédú, ẹ má sì rì í sínú omi gbígbóná. Ooru òjijì náà ń pa á. Mo mọ̀ pé ó nira láti máa wo ọmọ tó ń ké kí a má fún un ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n igbe òtútù àti igbe ebi jọra gan-an létí wa.

Ní ti òṣùwọ̀n, ọjà wa kò ṣàìní i. Àwọn tó ń ra wúrà ní èyí tó ń wọn gíráàmù, wọn kò sì ní bá yín jà bí ẹ bá tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀. Ọmọ ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ń tó nǹkan bí gíráàmù 100, ó sì yẹ kó máa fi bíi 10 sí 15 kún un lójoojúmọ́. Àpòlúkù rẹ̀ kéré. Nǹkan bí mílílítà 4 fún gíráàmù 100 ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi tó kú kò lè ju gíráàmù 90 lọ, mílílítà 10 ni mo sì rọ́ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí inú rẹ̀ lè gbà. Oúnjẹ díẹ̀ lemọ́lemọ́ ni ti wọn, ní wákàtí 2 sí 3 tọ̀sán tòru ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá lè jí lóru kó tètè wá ẹni tó lè jí.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn 3 tó kù rẹ̀ wálẹ̀, kò lè mu mọ́. Dókítà ní òun yóò fi rọ́bà bọ́ ọ lójú mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó gbóná. Ó mú rọ́bà nọ́ńbà 5, èyí tí kò nípọn tó mílímítà 2, tó sì rọ̀. Nọ́ńbà 8 wà fún àwọn tó ti ju nǹkan bí gíráàmù 300 lọ. Ó na rọ́bà náà láti ṣóńṣó imú ọmọ ológbò dé egungun ìhà rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó sì fi bírò sàmì síbẹ̀. Ó fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀ lórí aṣọ ìnura, bí ìgbà tó bá ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn, kò sì gbé orí rẹ̀ sókè sí ọ̀run. Ó fi ìka la ẹnu rẹ̀, ó tẹ rọ́bà lé ahọ́n, ó darí rẹ̀ sí apá òsì ọ̀fun, ó sì dúró kí ọmọ náà gbé e mì. Kò tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì rí i lójú mi lọ́jọ́ náà.

Rọ́bà dé ojú àmì. Ó ní bí ó bá ti dúró kí ó tó dé ibẹ̀, bóyá ó ti wọ ọ̀nà èémí tàbí ó ti ká kò sínú ọ̀fun, yíyọ ló yẹ kí òun yọ ọ́. Ẹni tó bá fi agbára tì í lè dá ọgbẹ́ sí ọ̀fun tàbí kó gún un lu, pàápàá bí rọ́bà bá le nítorí òtútù. Ó wá fi sìríǹjì òfìfo sí ìdí rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Sìríǹjì náà kọ̀, kò fà. Ìyẹn fi hàn pé ara àpòlúkù ló fà mọ́ ẹnu rọ́bà. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń ya wọlé fàlàlà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń wá. Mo bi í bóyá àyẹ̀wò yìí kì í tan èèyàn. Ó ní ó ń tan èèyàn, torí ọmọ tó ti gbé afẹ́fẹ́ mì lè ní i nínú àpòlúkù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rọ́bà sì lè fà mọ́ ara ibòmíràn. Fọ́tò inú ara nìkan ló dájú tán. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń yọ ọ́ nígbà tí iyèméjì bá ti wà, tí òun á sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bí ó bá sì jẹ́ mílíìkì àná ló fà jáde, á jẹ́ pé oúnjẹ tó lọ ṣáájú kò tíì dà, kò ní fi òmíràn lé e.

Nígbà tí ó wá bọ́ ọ, mílíìkì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara, ó kán an sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wò bí a ti ń ṣe fún ọmọ èèyàn. Ó lò tó ìṣẹ́jú 2 lórí mílílítà 4. Bí a bá sáré, àpòlúkù á nà, á sì dá mílíìkì padà sókè. Kí ó tó fa rọ́bà jáde, ó fún ìdí rẹ̀ pọ̀ ṣinṣin. Èmi kò bá má rò ó láéláé. Mílíìkì tó ṣẹ́kù nínú rọ́bà ni kò fẹ́ kó kán sílẹ̀ ní ojú ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé.

Ìwọ̀n náà kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tán. Ọmọ ológbò ń gùn. Rọ́bà tó tó o ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti kúrú fún un lónìí, mílíìkì á sì máa dà sí ojú ọ̀nà, á máa padà sẹ́nu. Bí ó bá sì gùn jù, á ká lọ́wọ́ nínú àpòlúkù tàbí kó máa gún ògiri rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 eyín ti ń yọ, ó lè gé rọ́bà sí méjì kó gbé e mì.

Ẹ fọ rọ́bà àti sìríǹjì lẹ́yìn gbogbo ìgbà, kí ẹ fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nájíìsì o, nítorí a ti kọ́ yín pé ológbò kì í ṣe nájíìsì nínú ilé. Ọ̀rọ̀ àrùn ni. Mílíìkì tó kan sínú rọ́bà ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru sì tètè ń gbẹ omi ara ọmọ kékeré. Ohun mìíràn tún ni pé ọmọ tí a ń fi rọ́bà bọ́, inú rẹ̀ yó ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò yó. Á bẹ̀rẹ̀ sí mu ara ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, àgàgà ojú ara wọn, títí á fi bó tí ìtọ̀ kò ní lè jáde. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ti àwọn ológbò tó ti dàgbà díẹ̀, àwọn dókítà lè gbé rọ́bà gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lẹ́yìn tí wọ́n bá fi oògùn kùn ún lóorun. Èyí ní ewu tirẹ̀, ojú ihò náà lè kẹ̀, ológbò sì lè bì kí rọ́bà yí padà. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni, kò kàn wá.

Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán tó sì dìde lọ ra rọ́bà, kò gbọ́ mi yé. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, rọ́bà dára fún ọmọ tí kò lè mu, ó tilẹ̀ sàn ju kí a máa tú sìríǹjì sí i lẹ́nu. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀bẹ ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe é lójú yín, kí ẹ̀yin náà ṣe é lójú rẹ̀, kí ẹ tó dá a ṣe nílé. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tó sì ń fa orí ìka yín mu kò nílò rọ́bà rárá. Ìgò kékeré onírọ́bà tàbí sìríǹjì tó, kí ẹ máa kán an ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ó wà lórí ikùn rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ lé itan kí ẹ máa rọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ lágbo láyé àtijọ́. Ìfẹ́ ni ẹ fi ń ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mílíìkì fi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró gan-an nìyẹn.

Nọ́nò kò dára fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni wàrà màlúù lásán. Èròjà tó ń mú ara dàgbà nínú wàrà ológbò ju ìlọ́po méjì ti màlúù lọ, ti màlúù sì máa ń ṣí wọn nínú. Mílíìkì aládùn inú agolo burú jù. Mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò gan-an ni kí ẹ wá lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi òwú tútù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ìdí wọn títí wọn ó fi tọ̀, torí wọn kò lè dá a ṣe títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Ìyá wọn ni í fi ahọ́n ṣe é.

Àwọn ará wa tó wà káàkiri òkè ọya kì í jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello níhìn-ín ní Sáríà, ó wà ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, ó wà ní Yunifásítì Máídúgùrì, ó sì wà ní Ìbàdàn fún àwọn tó bá wà nílé.

Ọmọ tí dókítà fi rọ́bà bọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ló gbà á kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí mu fúnra rẹ̀. Òun ló ń sùn lórí àpò ẹ̀wà mi báyìí. Àwọn 2 yòókù kò tilẹ̀ tún mu mílíìkì agolo mọ́, nítorí ìyá oníkúnú kan ní ìdí mọ́sáláṣí ní ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì gbà wọ́n mọ́ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kò sí ohun tó dára tó ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ológbò tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ fi orúkọ àti ojúlé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí á lè mọ ilé tí a ó gbé aláìníyàá lọ nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé.